Kànga Òjò Màmá Comfort

"Màmá, pọ́ńpù yìí ti tún jó."

Ọláoyè gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ẹlẹ́rọ, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé lọ́dún 2013 yìí nìkan, oṣù kẹfà ni wọ́n sì ṣì wà. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí wọn ò ti rí iná ní àdúgbò náà. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń fa omi, agbára iná rẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan.

Màmá Comfort, onílé, jókòó sórí àpótí, ó fi aṣọ so ọwọ́ òsì rọ̀ mọ́ ọrùn. Ọmọ Ẹdó ni, ṣùgbọ́n ará Oǹdó ni ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, Yorùbá sì dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí pọ́ńpù ò ṣiṣẹ́, ló lọ pọnmi ní òdìkejì títì, ló bá yọ̀ ṣubú, ni eegun ọrùn ọwọ́ bá sán.

"Ṣé òmíràn la máa rà?" ni ó béèrè.

Pọ́ńpù ni Ọláoyè ń tà, òun náà ló ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti lọ síbi kọnkéré kan lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ilé. Kànga òjò wà níbẹ̀, èyí tí ọkọ Màmá gbẹ́ nígbà ayé rẹ̀, tó sì rẹ́ inú rẹ̀ kí omi òrùlé lè máa ṣàn sí i. Ọdún kẹrin rèé tí Ọláoyè fúnra rẹ̀ ti ní kí wọ́n dé e pa, pé omi òjò ti di ti ayé àtijọ́.

"Màmá, èmi ni mo ṣì yín lọ́nà. Kànga bàbá ò ṣẹ̀ wá. Ẹ jẹ́ kí n ṣí i."

Màmá gbójú sókè wò ó. "Ìwọ tó ń ta pọ́ńpù?"

"Èmi náà ni, mà."

"Ó dáa. Lọ mú òòlù rẹ wá."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ṣe é. Ó fọ́ kọnkéré, ó gbọ́n ẹrẹ̀ dànù, ó fọ ara ògiri, ó sì rẹ́ ibi tó ti sán. Ó kan gọ́tà tuntun mọ́ etí òrùlé, ó fi àwọ̀n dí ẹnu páìpù kí ewé má baà wọlé. Nítorí ọwọ́ Màmá, ó ri ẹ̀rọ afọwọ́fà mọ́ ẹnu kànga náà, kó má di pé à ń fi okùn fà á.

Yétúndé, ayálégbé tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ẹ̀yìn la tún ń padà sí?"

"Ibi tómi wà la ń lọ, àǹtí."

Wọ́n jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ ìdọ̀tí òrùlé dànù. Èyí tó rọ̀ tẹ̀ lé e ni wọ́n gbà. Nígbà tó dá, Màmá fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ ẹ̀rọ náà, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Omi tú jáde, ó mọ́ gaara. Yétúndé ti gbé korobá dé kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Màmá ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Fóònù Ọláoyè dún. Oníbàárà kan ní òpópónà Sapele Road ni, ó ń béèrè pọ́ńpù tuntun.

Ọláoyè wo korobá tó ń kún. "Ẹ má tíì rà á, sà," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá wo òrùlé yín."