Ó Kù Díẹ̀

Ọlọ́kadà ni ọkọ obìnrin kan, kì í sì í fi òfin ṣeré. Òfin ní ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá tíì kan irin ìtẹ̀sẹ̀ ò gbọdọ̀ gun ẹ̀yìn ọ̀kadà. Lọ́jọọjọ́ Àìkú, á gbé ọmọbìnrin wọn sórí àga ẹ̀yìn, á wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ó kù díẹ̀, ìyá mi," á wí fún ọmọ náà.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ gbé e yípo àdúgbò lẹ́ẹ̀kan péré! Ta ló ń wò yín?"

Kò gbà.

Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ló gbé bàbá lọ. Ikú aláìnítìjú ò dúró kí ẹsẹ̀ ọmọ gùn.

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìyá tó lè mú àkísà lọ nu ọ̀kadà náà lọ́dẹ̀dẹ̀. Ó bá ọmọ lórí àga ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lórí irin. Àga iwájú ṣófo.

"Màámi, ó ti kàn án," ló wí, kò sì sọ̀ kalẹ̀.