Gíláàsì Tí A Fi Sódì

Ní agogo mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú, alátùn-únṣe kámẹ́rà kan tí kò fi nǹkan kan sódì rí láti ọdún mẹ́rìnlélógún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ mú gíláàsì kékeré kan, ó kọ ojú rẹ̀ sí ibi tó yẹ kí ẹ̀yìn rẹ̀ wà, ó sì yí òrùka irin lé e títí ó fi le dan-in. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Oníbàárà rẹ̀, obìnrin ayafọ́tò kan tó ti dúró tì í fún ogójì ìṣẹ́jú, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí láti mí.

"Ọ̀gá, ẹ ṣeun."

"Má tíì dúpẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, èmi kọ́ ni mo tún un ṣe."

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí wàhálà kankan nílẹ̀. Bọ́tìnnì kámẹ́rà obìnrin náà ló ń há, ó sì ti gbé e sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin yìí, pẹ̀lú lẹ́ǹsì kan, láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ni gbogbo oníbàárà ń pè é, nítorí kì í tú ohunkóhun láìkọ́kọ́ kí i ní pẹ̀lẹ́.

Kámẹ́rà náà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè jowú. Ojú ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí a ti ń wo fọ́tò, ti là láti igun dé igun. Bátìrì rẹ̀ kì í ya ju ogójì fọ́tò lọ. Bó bá ya ẹyọ kan, yóò sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kó tó gbà láti ya òmíràn, ó sì máa ń sọ àwọ̀ pupa di àwọ̀ ilẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, Arúgbó ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe kámẹ́rà náà. "Ṣé Arúgbó ti jí?" ni wọ́n máa ń bi í. Kámẹ́rà ilé iṣẹ́ ló fi ń ṣe iṣẹ́ oṣù. Arúgbó wà fún ìgbádùn ara rẹ̀.

Lẹ́ǹsì mẹ́ta ló sọ Arúgbó di àyànfẹ́. Bàbá rẹ̀ ló ni wọ́n, láti ìgbà tí kámẹ́rà ṣì ń lo fíìmù. Nínú gbogbo kámẹ́rà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, Arúgbó nìkan ló gbà wọ́n mọ́ra. Èkíní máa ń fi òrùka ìmọ́lẹ̀ yí gílóòbù ká. Èkejì máa ń jẹ́ kí òjò rí bí okùn tí wọ́n ta láti ọ̀run. Ẹ̀kẹta ni ààyò. Àárín fọ́tò rẹ̀ a mọ́ débi pé èèyàn lè ka irun ìpéǹpéjú, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, gbogbo nǹkan a máa rọ̀, a máa yọ́, bí ògiri tí èèyàn ń wò láti inú omi. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ ayé rí nínú gbogbo fọ́tò ìgbà èwe rẹ̀. Láti ọdún mẹ́sàn-án tí bàbá náà ti kú, ó lè fi odindi ọ̀sán kan ya ife omi kan lójú fèrèsé, kó sì máa dá rẹ́rìn-ín. Ohun tó wuni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Lẹ́ǹsì kẹta yìí nìkan sì ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin gbà kó kọjú sí òun. Iná ti jó ìyá náà nígbà ọ̀dọ́, láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì dé ọrùn. Láti ìgbà náà, kò sí fọ́tò rẹ̀ nínú ẹbí yàtọ̀ sí ẹyọ kan tí àbúrò rẹ̀, bàbá ayafọ́tò, yà. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin kó tó gbà fún òmíràn, ó sì sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀: "Lẹ́ǹsì bàbá rẹ, tàbí kí o má wulẹ̀ wá." Agogo mẹ́rin ni àdéhùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ bá ọmọ rẹ̀ lókè òkun. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ọjọ́ ìpadàbọ̀.

Nígbà tí ayafọ́tò wọ ṣọ́ọ̀bù ní agogo méjì, ẹ̀rín ti kún ẹnu Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́.

"Àbúrò, bọ́tìnnì ti dára. Mo sì ṣe ọ́ lóore kan."

"Oore wo nìyẹn, ọ̀gá?"

"Gíláàsì iwájú lẹ́ǹsì rẹ yìí, òdì ló wà. Ẹni tó tú u kẹ́yìn kò mọṣẹ́ rárá. Wo bó ṣe ha irin rẹ̀. Àfi bí ẹni pé ọ̀bẹ ìdáná ló lò. Mo ti yí i síbi tó yẹ. Ó ti ń ríran bí àṣá."

Obìnrin náà fi lẹ́ǹsì kẹta náà sí ẹnu Arúgbó, ó kọjú rẹ̀ sí kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó tẹ bọ́tìnnì. Gbogbo ọjọ́ inú oṣù ló mọ́ kedere, títí kan orúkọ ilé ìtẹ̀wé nísàlẹ̀. Kò síbi tó rọ̀. Ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó tún un yà. Bákan náà ni.

Ó jókòó sórí àpótí oníbàárà. Ṣé àṣìṣe ló ti ń fi yangàn láti ọjọ́ yìí? Ó lè gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́ǹsì bàbá rẹ̀ náà ṣì ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò ni ìyá náà yóò wò, kì í ṣe irin.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a padà sí òdì."

Ọkùnrin náà yọ awò ojú rẹ̀. "Ṣé kí n bà á jẹ́ ni?"

"Kí ẹ bà á jẹ́ dáadáa, bí ẹ ṣe máa ń tún nǹkan ṣe."

"Ọdún mẹ́rìnlélógún. Wọ́n máa ń bú mi pé mo ba nǹkan jẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó wá bẹ̀ mí sí i rí."

Kò bá a jiyàn. Ó ṣí àwọn fọ́tò inú fóònù rẹ̀, ó nà án sí i. Ọkùnrin náà ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dórí ẹnì kan tó tẹ̀ ba sórí tábìlì, tí gbogbo pàǹtírí ṣọ́ọ̀bù rọra ń yọ́ lọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ta lèyí?"

"Ẹ̀yin ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá."

Ó sún fóònù náà mọ́ ojú. "Ṣé bí orí mi ṣe pá tó nìyí?"

"Àárín fọ́tò ló bọ́ sí, ọ̀gá."

Ó mú irinṣẹ́ rẹ̀. "Pẹ̀lẹ́," ó wí fún lẹ́ǹsì náà, ohùn rẹ̀ bí ti ẹni tó ń tọrọ àforíjì.

Ní agogo mẹ́rin, ìyá àgbà náà ti wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àpò ìrìn àjò kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù sì ti wà ní dídè lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé òun ni?"

"Òun ni, Màmá."

Arúgbó dún. Bí ó ti dún, ìyá náà mí kanlẹ̀, èjìká rẹ̀ sì wálẹ̀, nítorí ó rò pé ó ti parí. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta pé. Ayafọ́tò tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kejì. Ìkejì yìí ni ó fi hàn án. Ojú, imú, ẹnu àti ìlà iwájú orí ló mọ́ gaara. Láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, awọ ara rọra ń wọnú ìmọ́lẹ̀ aṣọ fèrèsé. Àpá náà kò parẹ́. Ó kàn di ohun tí ojú ń rí kẹ́yìn ni.

Ìyá náà wò ó lójú ẹ̀yìn Arúgbó tó là.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá rẹ yà mí," ó wí. "Ti àkọ́kọ́, lójú ara rẹ̀ ni mo ti fà á ya. Kò bínú. Ó kàn ní kí ìyá wa yá òun ní ọ̀bẹ ìdáná, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé èso ló fẹ́ jẹ. Lọ́jọ́ kejì ló ní kí n tún wá jókòó."

Ọwọ́ ayafọ́tò dúró lára lẹ́ǹsì, níbi tí irin ti ha.

"Níbo lẹ ju èyí tí ẹ fà ya sí, Màmá?"

"Ta ló sọ fún ọ pé mo jù ú? Ó wà nínú àpótí tó ti ṣáájú mi lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi."

Ayafọ́tò kọ ìwé ráńpẹ́ sí ọmọ ìyá náà lórí fóònù: *Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Fọ́tò kan tó ti ya sí méjì wà nínú àpótí Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún mi: ṣé ó mọ́ kedere ni, àbí ó rọ̀?*

"Kí lo ń kọ?" ìyá náà bi í.

"Mo ń bi Ẹ̀gbọ́n ní nǹkan kan ni, Màmá."

Iṣẹ́ ìròyìn ti kọ́ ọ láti má ṣe sọ ohun tí kò tíì fìdí múlẹ̀: bí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò àkọ́kọ́ bá mọ́ kedere, a jẹ́ pé bàbá rẹ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ yí gíláàsì náà sódì. Ní agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èsì kan wọlé: wọ́n ti rí àpótí náà, wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.