Àlùwàlá Àtinúkẹ́

Ní Ìkẹ́nnẹ́, tí ẹnikẹ́ni bá ní Tíṣà Àtinúkẹ́ purọ́, wọ́n á ní kó lọ bọ́jú kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, òun náà sì ni olórí kíláàsì àwọn obìnrin nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Tí ọmọ ilé ìwé bá ní ibà ń ṣe òun, ó dìgbà tó bá fọwọ́ kan ọrùn ọmọ náà kó tó gbà á gbọ́. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ló wá fi àsìkò òjò ọdún 1983 purọ́ fún ìyá tó bí i lọ́mọ, lójoojúmọ́, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó mọ́ tónítóní.

Sàfúrátù lorúkọ ìyá náà, ọmọ Mákun ní Ṣágámù. Obì ló tà tó fi tọ́ Àtinúkẹ́, Mùsùlùmí sì ni látilẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ di bàìbàì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú, ọmọ rẹ̀ lọ gbé e wá sí Ìkẹ́nnẹ́, ó fún un ní yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán ní Ṣágámù, Alfa Lásúnkànmí á wọ mọ́tò wá, á ka Kùránì fún un lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn ìyẹn, Àtinúkẹ́ á gbé ìkọ́kọrẹ́ fún Alfa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀.

"Alfa, ẹ má bínú o. Àǹfààní wo ló wà nínú ọ̀rọ̀ tí kò yé ẹni tí wọ́n ń kà á fún? Màámi ò gbọ́ Lárúbáwá."

"Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe sọ̀ kalẹ̀ la ṣe ń pa á mọ́, Tíṣà. Tẹ́ ẹ bá ti túmọ̀ rẹ̀, ẹnu òǹtúmọ̀ ti dá sí i."

"Bíbélì tiwa náà kì í ṣe Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀, ó sì yé ìyá alákàrà."

"Ṣé òun gan-an ló yé e ni, àbí ohun tó yé òǹtúmọ̀?"

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá a bọ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnì kejì, ìkọ́kọrẹ́ ò sì ṣẹ́kù sínú abọ́ rí.

Lọ́jọ́ kan, Alfa mú Kùránì tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá wá, ó fi aṣọ funfun wé e. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń gbé e fún Àtinúkẹ́. "Ẹ ti borí mi díẹ̀. Tí n kò bá lè wá, ẹ máa ka èyí fún Màmá. Ìtumọ̀ lásán ni o, kì í ṣe òun gan-an." Kò pẹ́ sígbà náà ni máṣíìnì gbé Alfa ṣubú lọ́nà Ìrolú, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń to eegun ní Ògèrè ni wọ́n gbé e lọ, ibẹ̀ ló sì dùbúlẹ̀ sí.

Ìyá pe ọmọ rẹ̀. "Àtinúkẹ́, ìwọ lo máa kà á fún mi títí Alfa á fi dé."

"Ó dáa, Màámi."

"Àmọ́ o gbọ́dọ̀ ṣe àlùwàlá ná. A kì í ṣàdédé fọwọ́ kàn án."

Ìyá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, láti orí ọwọ́ dórí ẹnu àti imú, títí ó fi kan ẹsẹ̀. Àtinúkẹ́ gbé búútà lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣe é bí ìyá ṣe wí, ìyá sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà. Ó wọlé, ó tú aṣọ funfun náà, ó ṣí ìwé náà. Ẹ̀rù ń bà á kí ẹnu òun, tó ń kọ́ àwọn obìnrin ní kíláàsì, má lọ ka ohun tó máa sẹ́ Jésù. Bíbélì rẹ̀ wà lórí tábìlì. Ó fà á sọ́dọ̀, ó gbé e lé Kùránì náà lórí, ó ṣí Sáàmù, níbi tí àgbàlagbà kan ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó má fi òun sílẹ̀ nígbà tí agbára òun ti tán. Ìyẹn ló kà. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé lẹ́ẹ̀kan péré ni, pé bó bá di ọ̀la, òun á ti mọ́kàn le.

Nígbà tó fi máa gbójú sókè, omi ti ń dà lójú ìyá.

"Àtinúkẹ́, inú Kùránì nìyẹn wà? Bí mo ṣe ń kírun láti kékeré tó yìí, mé è mọ̀ pé wọ́n ti bá mi sọ tèmi sínú rẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀, Màámi."

Ẹ má tètè dá a lẹ́bi. Àmọ́ ẹ má tètè dárí jì í náà, torí ọ̀la tó ní òun á mọ́kàn le yẹn ò dé. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Àsárì, á gbé búútà, á fọ ọwọ́, á fọ ẹsẹ̀, á tú aṣọ funfun, á sì ka Bíbélì. Ìyá á ní kó tún ibi àgbàlagbà yẹn kà, ẹnu rẹ̀ á sì máa bá a lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi há a sórí.

Ohun tó tún wá burú jù ni ohun tó ṣe ní kíláàsì. Ó ní kí àwọn obìnrin bá òun dúpẹ́, pé ìyá òun ti ń fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n kọrin. Yétúndé, akọ̀wé wọn, ní kí Kérésì tó dé Màmá á ti ṣèrìbọmi, Àtinúkẹ́ sì ṣe àmín. Ojú ọ̀nà ilé ni àmín yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lọ́kàn. Ó rí i pé ẹ̀rù nìkan kọ́ ló ń ba òun. Òun ń jí ìyá òun gbé wọnú ẹ̀sìn òun, ìyá náà sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Látọjọ́ yẹn, oúnjẹ ò lọ dáadáa. Ọmọ kan purọ́ fún un nílé ìwé, ó gbé pàṣán sókè, ó wo ojú ọmọ náà, ó tún rọra gbé pàṣán sílẹ̀. Àwọn tíṣà yòókù rò pé ara rẹ̀ ò yá ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tí ìyá sọ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Tí mo bá ń kú lọ, ibi àgbàlagbà yẹn ni kí Alfa kà sí mi létí. Mo fẹ́ kó jẹ́ òun ni mo máa gbọ́ kẹ́yìn." Àtinúkẹ́ ní ìyá òun ò ní kú. Ó jáde síta, ó jókòó ti ògiri, ó sì sunkún, torí ó mọ̀ pé nígbà tọ́jọ́ yẹn bá dé, ìyá òun á máa retí ohun tí Alfa ò ní lọ́wọ́.

Alfa dé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan pẹ̀lú ọ̀pá lábẹ́ apá. Inú ìyá dùn débi pé ó fẹ́ dìde jókòó fúnra rẹ̀.

"Alfa, ẹ káàbọ̀, ẹ kú ewu! Ọmọ yìí ò já mi kulẹ̀ o. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ti há sórí." Ló bá ka ọ̀rọ̀ àgbàlagbà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ṣì í kà. "Ó yá, ẹ kà á fún mi ní Lárúbáwá báyìí, bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ gan-an."

Láti ìgbà èwe ni Alfa ti ní Kùránì lórí, ó sì mọ̀ pé ohun tí ìyá kà yìí kò sí níbẹ̀. Ó wo tábìlì, ó rí ìwé méjèèjì, lẹ́yìn náà ló wo Àtinúkẹ́ tó gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àdúà Lárúbáwá yòówù kí Alfa ṣe, ìyá á gbà pé ibi àgbàlagbà yẹn ni. Àtinúkẹ́ ń fojú bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó ṣe bẹ́ẹ̀.

"Màmá," ni Alfa wí pẹ̀lẹ́, "ọmọ yín ló mọ ibi tó ti kà á. Ẹ jẹ́ kó fi hàn mí."

Àtinúkẹ́ gbé abọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Màámi, kò sí nínú Kùránì. Inú Bíbélì ni mo ti ń kà á."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Omi tí mò ń gbọ́ ńkọ́?"

"Mò ń ṣe àlùwàlá náà, Màámi. Tí mo bá ṣe é tán ni mo máa ń ṣí Bíbélì."

Ìyá ò pariwo. Ìbá sàn fún Àtinúkẹ́ ká ní ó pariwo.

"Ọ̀rọ̀ yẹn dára," ni ìyá wí. "Ọlọ́run ló ni ín, mé è bá a jà. Ká ní o sọ fún mi pé Bíbélì ni, mo máa gbọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ṣèrìbọmi fún ẹ, iwájú ni mo jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìborùn mi. Gbogbo èèyàn ń wò mí. Mo ṣe àmín sí ìwé yín. Nígbà tó o ṣègbéyàwó, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó tàn mí débẹ̀, torí tìẹ ni mo ṣe lọ. Mo ní kí ìwọ náà bá mi jókòó nínú tèmi kí n tó kú ni." Ó kọjú sí ibi tí ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ sí. "Kí ló wà níbi tó o kọ́kọ́ ṣí, kó o tó gbé Bíbélì lé e lórí?"

"Mi ò mọ̀, Màámi. Mi ò kà á."

"Ìlà kan náà ńkọ́?"

Àtinúkẹ́ mi orí. Ojú tì í débi pé kò rántí pé ìyá ò ríran dáadáa, Alfa ló bá a fèsì pé rárá. Àtinúkẹ́ wá na ọwọ́ mú Kùránì náà. "Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ jẹ́ kí n lọ ṣe àlùwàlá kí n kà á báyìí. Màá kà á tán."

Ìyá táràrà títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ìwé náà.

"Alfa, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

"Màmá, ẹ ṣe sùúrù. Ó ti jẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó kà á."

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kà á fún mi. Lárúbáwá ni kẹ́ ẹ sì kà. Èyí tí mé è gbọ́ yẹn, kò lè tàn mí jẹ."

Alfa ti ń wá ẹni tó máa gbè é lẹ́yìn nínú àríyànjiyàn ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ yìí tipẹ́, ó wá rí i báyìí, kò sì dùn mọ́ ọn nínú rárá. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà látorí. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè bíi ti tẹ́lẹ̀. Àtinúkẹ́ ò dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó ń gbọ́ ọ, kò mọ ohun tí ọ̀kankan nínú rẹ̀ túmọ̀ sí.

Nígbà tí Alfa kà á tán tó sì ṣàdúà, ìyá ṣe àmín, Alfa náà ṣe àmín. Àtinúkẹ́ la ẹnu láti ṣe tirẹ̀, àmọ́ ìyá ti kọjú sí ògiri.