Kí Obìnrin Tó Mọ̀ Pé Òun Lóyún

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Tiwaladé ni ètè rẹ̀ ti rí bí ẹni pé wọ́n fi aró kùn ún. Bó bá ń mu ọmú, á dáwọ́ dúró, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré dé. Dókítà sọ fún Ọmọ́ṣọlá ìyá rẹ̀ àti Fọlájìmí bàbá rẹ̀ pé yàrá ọkàn ọmọ náà kò pé: ibi tó yẹ kó jẹ́ méjì nísàlẹ̀, ẹyọ kan ló wà níbẹ̀. Wọn ò tíì rí ibi tí wọn yóò ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un tí ọmọ fi dákẹ́ mọ́ ìyá rẹ̀ láyà.

Àwọn àgbà ló lọ sin ín. Wọn ò jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rọ́ wá sílé wọn l'Ákànràn, wọ́n ń ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ọmọ́ṣọlá ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n lọ́kàn rẹ̀, omi kọ́ ló dànù, Tiwaladé ni.

Ìyá Fọlájìmí wá láti Adégbayì wá bá wọn gbé. Màmá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á dáná, wọ́n á fọṣọ, ojú wọn ò sì ní kúrò lára ìyàwó ọmọ wọn. Ọmọ́ṣọlá rò pé ṣe ni wọ́n ń fojú dá òun lẹ́jọ́. Òun gan-an kò yé dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́: ṣé oògùn ibà tóun lò ni, àbí ọ̀kadà tóun ń gùn lọ síléèwé?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n jọ ń ṣa ẹ̀wà, Màmá bá béèrè pé, "Ìyàwó mi, ìwọ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bayọ́lọ́jì, kí ni ìyá máa ń ṣe tí irú èyí fi ń ṣẹlẹ̀?"

Ohun tí Ọmọ́ṣọlá ti ń bẹ̀rù dé.

"Màmá, nígbà tí oyún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, bákan náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ rí. Èyí tó máa di egungun nínú wọn ṣì lè di awọ, ó sì lè di ọkàn. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i, ibi tí kálukú bá bọ́ sí àti ohun tí àwọn tó yí i ká bá ń sọ fún un ló ń yan iṣẹ́ fún un. Èyí tó bá ti di ti ọkàn pátápátá, bí wọ́n gbé e lọ síbòmíràn, iṣẹ́ ọkàn náà ni yóò máa ṣe. Kì í sábà padà sẹ́yìn mọ́. Bí nǹkan bá wọ́ lásìkò yẹn, wíwọ́ náà ni yóò bá dàgbà."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ kí obìnrin tó mọ̀ pé òun lóyún, mà. Dókítà ní lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í mọ ohun tó fà á."

Màmá gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀.

"Kí n tó bí ọkọ rẹ, mo bí Olúwabùnmi. Ètè tirẹ̀ náà dúdú. Wọ́n ní mo fi oyún rìn lọ́sàn-án gangan. Ìyá ọkọ mi ò jẹ oúnjẹ mi mọ́ títí wọ́n fi kú. Èmi náà sì gbà pé èmi ni mo pa á. Ojú rẹ tí mo ń wò, mo ń wò ó bóyá ẹnì kan ti ń sọ irú ẹ̀ sí ọ létí ni."

"Ẹ̀yin kọ́, Màmá."

"Tún un sọ."

"Ẹ̀yin kọ́, mà."

Màmá fi etí ìró bojú, wọ́n sunkún bí ọmọdé. Ọmọ́ṣọlá dì mọ́ wọn, òun náà bú sẹ́kún.

Bẹ́ẹ̀ ni Fọlájìmí ti ibi iṣẹ́ dé bá wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń béèrè ohun tó tún ṣẹlẹ̀.

"Wá jókòó," ni ìyá rẹ̀ wí. "O ní ẹ̀gbọ́n kan tí mi ò sọ fún ọ rí."