Ewé Mẹ́wàá Ìyá Làdíátù

Nígbà tí àdúgbò Westchase ṣì ní pápá gbalasa, lọ́dún 1984, ni Ìyá Làdíátù wá láti Ìsẹ́yìn sí Houston láti bá Hajarat wẹ ọmọ tuntun. Ẹ̀gbọ́n ìyá Shamsudeen, ọkọ Hajarat, ni, ewé àti egbò ló sì ń tà láti ìgbà ọmọge. Shamsudeen ń kọ ìwé àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì, lórí àwọn ewé Houston tí àwọn ará ilé, nílẹ̀ Yorùbá, náà mọ̀. Orúkọ àti ìlò ewé mẹ́wàá ló kù. Bí wọn ò bá pé kí ó tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó di sáà mìíràn kó tó lè fi ìwé náà sílẹ̀.

Ó ti já ewé wọ̀nyí tipẹ́, ó fi ìwé tẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbẹ háúháú. Lọ́jọ́rú, ó tẹ́ wọn síwájú ìyá ní pálọ̀. Ìyá mú ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fọwọ́ ra á, ewé di ìyẹ̀fun. Èkejì náà, bákan náà.

“Òkú lo kó jọ yìí, ọmọ àbúrò mi. Ta ní í béèrè orúkọ lọ́wọ́ òkú?”

Ọwọ́ àti imú ni òun fi ń mọ ewé, ó ní, kì í ṣe ojú nìkan. Hajarat rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí. Ọkọ rẹ̀ ní ọjọ́ méjì péré ló kù. Ìyá bá béèrè ibi tó ti já wọn.

Ẹ̀yìn ilé ni, lẹ́bàá ọgbà onírin. Bí wọ́n ṣe débẹ̀, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé, ó ń kí wọn bí ẹni tó bá ará ilé pàdé lájò: pápásan rèé, tó ń tu ara; lárà rèé, tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe ògìrì. Anthony, tó ń tún àyíká ṣe, gbé àpò ńlá wá fún un, ó rò pé ìyá ń bá òun tu koríko ni. Shamsudeen ò dá sí i, ohun tí ìyá ń sọ ló ń kọ sílẹ̀.

Nígbà tó kọ mẹ́sàn-án tán, ó ku ejìnrìn tó fà mọ́ ọgbà. Ìyá dárúkọ rẹ̀, ó já ewé kan, ó nà án sí i.

“Ẹ sọ ìlò rẹ̀ fún mi, Ìyá.”

“Jẹ ẹ́ ná. Èyí tí o ò bá tọ́ wò, irọ́ lo máa kọ.”

Ó jẹ ẹ́. Ojú rẹ̀ rún jọ, Anthony di ọgbà mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá dúró títí ó fi gbé e mì, ó wá ní ibà ni wọ́n ń lò ó fún, wọ́n sì fi ń wẹ ọmọ tí ara ń yún.

“Ṣé ó korò?”

“Ó korò gan-an, Ìyá.”

“Kọ ìyẹn náà.”

Ó kọ ọ́. Ewé mẹ́wàá pé. Òun náà bú sẹ́rìn-ín, ó pa ìwé dé.