Ta Ló Ni Orin Ìparí Yìí?

Ẹ má sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀ o. Láti àárọ̀ ni gbogbo èèyàn ti ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni fíìmù gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ wa. Tí wọ́n bá ti gbé e lọ, orúkọ tó bá wà níbẹ̀ ló wà níbẹ̀ yẹn, ó di títí ayé.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa to orin sábẹ́ fíìmù. Níbi tí wọ́n bá ti ń sunkún, tí wọ́n ń sá, tí wọ́n ń fẹ́ra, èmi ni mo ń wá ohun tí etí máa gbọ́. Olùdarí wa, tá à ń pè ní Ẹ̀ẹ̀kan-Sí-i nítorí pé kò sóhun téèyàn ṣe fún un tí kò ní ní kó tún un ṣe, ti kọ orin mẹ́rìndínlógún tí mo kó wá fún ìparí fíìmù yìí. Orin fíìmù àtijọ́ kan ló wù ú, èyí tí gbogbo ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún mọ̀ dunjú: fèrè á kọ́kọ́ rìn jẹ́jẹ́, á dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, á wá gòkè lójijì, orí èèyàn á sì wú. Orúkọ Ọ̀gá Onífèrè ni wọ́n kọ pé ó ṣe é. Ọ̀gá ti kú. Àrẹ̀mọ rẹ̀ ló fún wa láṣẹ, òun náà ló fi téèpù ọjọ́ tí wọ́n gba orin ọ̀hún sílẹ̀ ránṣẹ́.

Bàbá mi, tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, ti ń sọ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú pé òun lòun ni orin yẹn. Ó ní òun wà nínú ẹgbẹ́ Ọ̀gá nígbà èwe òun, àti pé orin yòówù tí ọmọ ẹgbẹ́ bá ṣe, orúkọ Ọ̀gá ló ń jẹ́. Àlejò kan ò ní jókòó nílé wa kó má gbọ́ ọ. Ojú máa ń tì mí. Lọ́jọ́ tí mo ríṣẹ́ fíìmù, mo sọ fún un gbangba pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ níbi iṣẹ́ mi, wọ́n á ní irọ́ lẹ̀ ń pa." Kò sọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọdún mọ́kànlá rèé.

Ó wá di àárọ̀ yìí. Mo ki téèpù bọ ẹ̀rọ, mo fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ ariwo àga, ẹnì kan ń wúkọ́, lẹ́yìn náà ohùn kan ní, "Ẹ̀yin onífèrè, ẹ má sáré. Ẹ jẹ́ kó rìn. Bó ṣe máa lọ rèé." Ló bá ń kọ orin náà lẹ́nu fún wọn. Yéè! Ohùn bàbá mi ni! Ohùn ọ̀dọ́ ni lóòótọ́, àmọ́ ta ni kì í mọ ohùn bàbá ẹ̀? Mo gbọ́ Ọ̀gá tó ń bi í pé, "Kí ló wá kàn báyìí?" Mo bọ́ nǹkan náà kúrò létí, mo fò dìde, àga ṣubú lulẹ̀.

"Ẹ yọ orúkọ Ọ̀gá kúrò," mo sọ fún Ẹ̀ẹ̀kan-Sí-i. "Bàbá mi ló ni orin yìí."

Ó wò mí títí. "Àǹtí, ṣé ẹ ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

"Mi ò bá yín ṣeré o!"

"Èmi náà ò ṣeré. Àrẹ̀mọ ló fọwọ́ síwèé. Ẹ lọ mú Bàbá wá, màá pe Àrẹ̀mọ náà, ká jọ gbọ́ téèpù. Tó bá gbà, a ó pààrọ̀ orúkọ. Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ò ní dúró dè wá."

Mo wa mọ́tò délé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ó pé ọdún mẹ́fà báyìí, iwájú ilé ni bàbá mi máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Mo bá a tó tẹrí ba sórí ẹ̀rọ kan.

"Bàbá, ẹ dìde ká lọ. Mo gbọ́ ohùn yín nínú téèpù. Ẹ̀yin lẹ ni orin yẹn lóòótọ́!"

Ó ń kán òróró síbi abẹ́rẹ́. "Orin wo?"

"Bàbá!"

"Ṣebí ìwọ lo ní wọ́n á ní irọ́ ni. Mo ti fi sílẹ̀. Ó ti tán."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Mo kúnlẹ̀ sórí òwú àti àkísà tó wà nílẹ̀. Mo ní kó má bínú, mo ní mo ṣàṣìṣe, mo ní aago ti lé ní méjì, ẹnu mi ń sáré títí mi ò fi mọ ohun tí mò ń sọ mọ́. Ó nu ọwọ́.

"Ṣé o gbọ́ téèpù ọ̀hún dópin?"

"Àsìkò dà? Èyí tí mo gbọ́ ti tó."

Ó dé ìgò òróró rẹ̀. "Jẹ́ kí n wọ bàtà," ló wí níkẹyìn. Nínú mọ́tò, mo rò pé inú ẹ̀ á máa dùn. Ó kàn ń fọwọ́ yí bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀.

Àrẹ̀mọ ti ń dúró dè wá, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun, ojú ẹ̀ le koko. Ẹ̀ẹ̀kan-Sí-i tan téèpù. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Ohùn bàbá mi jáde. Nígbà tí Àrẹ̀mọ gbọ́ ohùn bàbá tiẹ̀ tó ń béèrè pé kí ló kàn, ó ṣí fìlà.

"Bàbá mi nìyẹn. Ẹ̀yin ló ń bi," ó sọ fún bàbá mi. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Kí wọ́n kọ orúkọ yín."

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. "Ẹ ò rí i! Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a!" Mo ti nawọ́ kí n pa ẹ̀rọ. "Ẹ jẹ́ ká tètè kọ ọ́, aago mẹ́ta ti kọjá!"

"Fi sílẹ̀," bàbá mi wí. "O máa ń kánjú jù. Gbọ́ ọ dópin."

Téèpù ń lọ. Ohùn bàbá mi ní, "Ẹ ní sùúrù... ó ti bọ́ lórí mi. Ibí ni mo bá a dé." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ní òkèèrè, bí ẹni tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ohùn obìnrin kan kọ èyí tó kù: ibi tó ti ń gòkè, ibi tí orí èèyàn ti ń wú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kọ ọ́. "Òun gan-an nìyẹn!" Ọ̀gá pariwo. Fèrè gbà á.

Mo mọ ohùn yẹn. Òun ló ń jí mi lọ sílé ìwé.

"Ìyá rẹ ni," bàbá mi wí. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Òun ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀ nígbà náà, a ò tíì fẹ́ra. Apá àkọ́kọ́, èmi ni mo ni ín, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń rántí apá àkọ́kọ́?"

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?"

"Mo ń fòní dónìí, mo ń fọ̀la dọ́la. Ọ̀gá gba tèmi, ó dùn mí, mo pariwo ẹ̀ kiri. Èmi náà wá gba ti ìyá ẹ. Kò bá mi jà o. Àmọ́ tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún àlejò, ṣe ló máa ń dìde lọ sí kíṣíìnì."

Mo rántí. Èmi ṣe bí omi ló lọ bù wá fún wọn ni.

Inú ń bí mi sí i, àánú ẹ̀ tún ń ṣe mí. Ẹ̀ẹ̀kan-Sí-i wo aago ara ògiri. Ó rọra ti kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi. "Àǹtí, aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Orúkọ ta la máa kọ?"

Bàbá mi dáhùn kí n tó lanu. "Kọ ti ìyá rẹ ṣáájú. Tèmi, tó o bá fẹ́."

Mo tẹ orúkọ ìyá mi. Mo tẹ ti bàbá mi sábẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bú sẹ́kún, nítorí ẹni tó yẹ kó kà á ti lọ láti ọdún mẹ́fà.