Ṣíbí Radojka ní Ṣọ́ọ̀bù Fọkanáísà

Tí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Radojka kò mọ òwe yìí í pa, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n lò.

Bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá a, nǹkan kì í tètè yé e. Èyí tó bá sì ti yé e, ó ti yé e dọjọ́ ikú nìyẹn. Ó wáṣẹ́ títí: àwọn oníbúrẹ́dì ní ọwọ́ rẹ̀ kò yá. Àwọn onílé ìtura ní ẹ̀rù rẹ̀ á máa ba oníbàárà. Ìjókòó ojú fèrèsé nílé láìníṣẹ́ ti wá sú u pátápátá. Ó ku Ọ̀gá Vukašin, fọkanáísà tí ohùn rẹ̀ ń bẹ́ táyà ju ìṣó lọ.

"Òní nìkan ni mo fi dán ẹ wò," ó ní. "Máa dá oníbàárà lóhùn. Bí ẹnì kan bá fi ìbínú jáde níbí, ilé yá o."

Radojka ti gbé ìgò slatko bọ̀ láti ilé, èso tí Milunka, ìyá rẹ̀, fi ṣúgà sè. Nílé wọn, ẹnikẹ́ni kì í jíṣẹ́ tó bá wá jẹ́ láìkọ́kọ́ lá ṣíbí kan, kó mu omi lé e. Apínlẹ́tà lá a. Ọlọ́pàá lá a, ó tún padà wá.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni, bọ̀ọ̀dá," Radojka sọ fún un. "Ṣé ẹ ò nílé ni?"

Àfi bí Bàbá Bogoljub onítakisí ṣe já wọlé, tó ń wọ́ táyà nílẹ̀, tójú rẹ̀ pọ́n bí ata.

"Vukašin dà? Olè! Táyà tó lẹ̀ fún mi lánàá, ọmọ à—"

Ṣíbí Radojka wọlé sí i lẹ́nu.

"Ẹ jẹ ẹ́ ná, bàbá."

"Mm-mm!"

"Ẹ mu omi." Ó mu ún. "Ó yá, ẹ máa bú wa lọ."

Bàbá wo ṣíbí, ó wo Radojka. Ta ni í jẹ slatko nílé onílé kó tún bú onílé? Ìyá rẹ̀ àgbà á jí dìde láti sàréè!

"Táyà yìí," ó rọra wí, "ó ṣì ń mí díẹ̀."

Vukašin yọ lábẹ́ ọkọ̀. "Radojka! Ta ló ní kó o sọ ṣọ́ọ̀bù mi di pálọ̀—"

Ṣíbí tún wọlé. Ìgbà náà ni àyà Radojka já: ó ti fún ọ̀gá lóúnjẹ tipátipá! Olúwa, má dá mi padà sójú fèrèsé.

"Bú u, ká gbọ́!" Bogoljub ń rẹ́rìn-ín kèékèé.

Radojka ọmọ Milunka, afi-ṣíbí-làjà! Vukašin jẹ, ó gbé e mì, ó mu omi, ó nu irùnmú. Ohùn tó jáde kò ju ti ọmọ ológbò lọ.

"Radojka, jọ̀ọ́, tó o bá ń bọ̀ lọ́la, mú ìgò méjì wá."